Kì í Ṣe Ọbẹ̀ Marúgbó Wa Ló Fà Á

Akótógbó,
Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú.

Olúwatóyìn, ọmọ mi àtàtà,

Ìròyìn iṣẹ́ tuntun rẹ dé ọ̀dọ̀ wa láàárọ̀ àná, ilé sì kún fún ayọ̀. Ìyá rẹ fi ọ̀pá rẹ̀ lu ilẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ jó. Mo ní kó jókòó kó má tún ṣubú mọ́ wa lọ́wọ́, ó ní òun kò jókòó. Ó kọrin títí àwọn ará ilé kejì fi wá wò wá. Mo bá a gbè é, mo ṣe àmín, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ẹni tó gbọ́ àdúrà wa. Ọmọ ẹni tó ń fún epo di nọ́ọ̀sì. Ó yẹ kí n kí ọ kú oríire, kí n fi lẹ́tà mọ síbẹ̀.

Ṣùgbọ́n inú ń bí mi, Tóyìn. Ó ti ń bí mi láti ìgbà tí ìyá rẹ wà lórí ibùsùn yẹn, mo sì ti ń gbé e mì bí ẹni gbé oògùn kíkorò mì. O mọ̀ pé n kì í lè sọ̀rọ̀ tó nítumọ̀ lórí fóònù. Bí mo bá ti gbóhùn rẹ, màá béèrè bóyá o ti jẹun, ọ̀rọ̀ á parí síbẹ̀. Iṣẹ́ akọ̀wé ìjọ tí mo ti ń ṣe bọ̀ ló kọ́ mi pé ohun tí ẹnu kò bá lè gbé, bírò a máa gbé e. Nítorí náà, fara balẹ̀ ka èyí. Ẹ̀ẹ̀kan ni màá kọ ọ́.

O mọ ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà, àmọ́ ilé ẹ̀kọ́ lo wà nígbà yẹn, ohun tí wọ́n sọ fún ọ nìkan lo gbọ́. Èmi wà níbẹ̀. Gbọ́ tèmi.

Ìyá rẹ yọ̀ ṣubú ní ẹbu epo wa, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kòtò tí a ti ń po ẹyìn, eegun itan rẹ̀ sì dá. A gbé e sínú takisí lọ sí ilé ìwòsàn aládàáni yẹn. N kò ní kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé mi, ìwọ mọ̀ ọ́n. Dókítà tó ṣiṣẹ́ abẹ fún un mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó to eegun náà pọ̀ bí ẹni to igi àjà, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí inú ṣe ń bí mi tó yìí, n kò ní purọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni.

Nígbà tó yá, ojú ọgbẹ́ fẹ́ máa ṣe ọyún. Wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í fa oògùn apakòkòrò líle kan sí i lára. Ojú ọgbẹ́ gbẹ, àmọ́ oògùn kò dúró. Wọ́n ń fà á sí i lára lọ láàárọ̀ àti lálẹ́, kò sí ẹni tó béèrè pé kí ni a tún ń fà á fún. Èmi náà kò béèrè. Ta ni mí tí n ó fi béèrè?

Ibẹ̀ ni inú rẹ̀ ti ṣí. Mo ti rí ìgbẹ́ gbuuru rí láyé mi; ìwọ náà ṣe é nígbà tí o ń hu eyín. Èyí kò jọ ọ́. Omi lásán ni, òórùn rẹ̀ yàtọ̀, inú rẹ̀ le bí pákó, ara rẹ̀ sì gbóná. Kí n tó palẹ̀ ti àkọ́kọ́ mọ́, òmíràn ti dé.

Nọ́ọ̀sì àgbà tó ń ṣọ́ wọ́ọ̀dù náà kò wo ojú ìyá rẹ. Kúlà oúnjẹ tí mo gbé wá láti ilé ló lọ ṣí. Ó béèrè ohun dúdú tó wà nínú rẹ̀. Mo ní ọbẹ̀ marúgbó ni, oúnjẹ wa ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀, èmi fúnra mi ni mo sè é, púpurú tí a fi ẹ̀gẹ́ ṣe ló wà nínú ọ̀rá ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó dé e pa bí ẹni tó rí ejò nínú rẹ̀. Ó wá sọ ọ́ sókè, kí gbogbo wọ́ọ̀dù lè gbọ́:

“Bàbá, ṣé ẹ fẹ́ pa ìyàwó yín ni? Irú ẹrẹ̀ wo lẹ ń fún aláìsàn jẹ?”

Ẹrẹ̀ ló pè é. Ọbẹ̀ tí ìyá mi fi tọ́ mi, tí ìyá rẹ fi tọ́ ọ, tí àwọn àgbà wa fi ń dá okun padà sára abiyamọ. Àwọn tó wà lórí ibùsùn yíjú wò mí. Ìyá rẹ fi aṣọ bojú. Nọ́ọ̀sì náà kì í ṣe ọmọ agbègbè wa, ìyẹn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ ni pé ó dá ẹjọ́ kó tó gbọ́ ọ. Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Òun kò tilẹ̀ gbọ́ ti ẹnì kan ṣoṣo kó tó dá tirẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni o pè mí. Àwọn nọ́ọ̀sì ti sọ tiwọn fún ọ. O ní, “Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ tiwọn. Ẹ má gbé oúnjẹ ilé lọ mọ́. Kí ẹ sì máa fọ ọwọ́ yín.” Mo ní mo ti gbọ́. Tóyìn, n kò sọ fún ọ títí di òní bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe wọ̀ mí lára. Èmi tí mo máa ń fọ ọwọ́ rẹ kí o tó jẹun, tí mo máa ń yọ ẹrẹ̀ oko kúrò lábẹ́ èékánná rẹ kí o tó lọ sílé ìwé. N kò bínú sí ọ mọ́. Ohun tí wọ́n kọ́ ọ lo sọ, ẹ̀rù ìyá rẹ sì ń bà ọ́. Ṣùgbọ́n rántí rẹ̀ nígbà tí ìwọ náà bá dúró níwájú bàbá ọmọlọ́mọ tó gbé kúlà dání. Kí o tó la ẹnu, béèrè ohun tó ti ṣẹlẹ̀, béèrè ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, béèrè oògùn tí ẹ̀yin fúnra yín ń fún un. Kúlà ni kí o wò kẹ́yìn.

Mo gbọ́ tiyín. N kò gbé oúnjẹ wá mọ́. Búrẹ́dì àti tíì ni ìyá rẹ ń jẹ, ìgbẹ́ náà sì ń le sí i. Bó bá jẹ́ ọbẹ̀ mi ni, kò ha yẹ kó dáwọ́ dúró?

Jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí nínú wọ́ọ̀dù yẹn, torí ibẹ̀ ni ìbínú mi ti jinlẹ̀. Ẹ̀rọ omi tó wà lára ògiri kò yọ omi. Dírọ́ọ̀mù kan ló wà lẹ́nu ọ̀nà, ọṣẹ kò sí níbẹ̀. Póò kan ni gbogbo àwọn tí kò lè dìde ń lò. Wọ́n á da ìgbẹ́ inú rẹ̀ nù, wọ́n á fi omi ṣan án, wọ́n á gbé e sábẹ́ ẹlòmíràn. Nọ́ọ̀sì á kúrò lára ìyá rẹ, á fún sánítáísà olóòórùn ọtí yẹn sọ́wọ́, á fi ra ọwọ́ pọ̀, ó di ọ̀dọ̀ ẹni tó kàn. Àwọn tó ní kí n máa fọ ọwọ́ mi nìyẹn. A ní kí wọ́n fẹ́ wa lójú, wọ́n fi ata sẹ́nu.

Èmi ni mo ń fọ ìyá rẹ. Ọ̀dọ́ nọ́ọ̀sì kan máa ń di imú níṣojú rẹ̀, á ní, “Màmá, ẹ tún ti ṣe é.” Ìyá rẹ, tí gbogbo ìjọ ń fi ìmọ́tótó rẹ̀ pòwe, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ omi mímu kí ó má bàa tún ba ibùsùn jẹ́. Òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, ó ń kọ omi. Ìtìjú fẹ́ pa á kí àìsàn tó pa á. Bí mo bá gbọ́ láéláé pé ọmọ mi di imú níwájú aláìsàn tàbí pé ó sọ fún un pé “ẹ tún ti ṣe é”, màá wọkọ̀ wá bá ọ níbi iṣẹ́, tàgbàtàgbà mi yìí. Òórùn kò pa nọ́ọ̀sì rí. Lọ tu itọ́ rẹ síta bó bá di dandan, kí o padà wọlé pẹ̀lú ojú tó tutù.

Àwọn ará ìjọ wá kí wa. Inú rere ni wọ́n bá wá. Alàgbà kan ní òun rí i lójú àlá pé ọwọ́ kan ń fọ́n nǹkan sórí ibùsùn ìyá rẹ, ó ní àwọn ayé ni, kí a gbé e wálé wá gbààwẹ̀. Ìyá rẹ tí kò lè gbé orí sókè dá a lóhùn. Ó ní, “Ọwọ́ tí ẹ rí lójú àlá yẹn, mo ti rí i lójúkojú. Òun ló ń gbé póò káàkiri.” A gbàdúrà, alàgbà náà sì lọ bá wa ra ọṣẹ.

Lórí ibùsùn tó kàn wá ni ọmọbìnrin kan láti Àyèká wà, Fúnmiláyọ̀ lorúkọ rẹ̀. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbẹ̀bí ọmọkùnrin rẹ̀. Ṣẹ́gun, ọkọ rẹ̀, ń gun ọ̀kadà, nítorí náà ìyá ọkọ ló ń tọ́jú rẹ̀. Ìyá Ṣẹ́gun la máa ń pè é. Orí ẹní lábẹ́ ibùsùn ló ń sùn. Ẹ̀kọ gbígbóná ló máa ń fún Fúnmiláyọ̀ mu, á fẹ́ ẹ títí yóò fi lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ọmọbìnrin náà máa ń bá ìyá rẹ ṣeré, ó ní bí ẹsẹ̀ ìyá rẹ bá san, kó wá jó níbi ìkómọ òun.

Òun ni àìsàn náà kọlù ṣìkejì. Ìgbẹ́ kan náà ni, òórùn kan náà. Nọ́ọ̀sì àgbà yíjú sí Ìyá Ṣẹ́gun, ó ní ẹ̀kọ rẹ̀ ni. Kó tó pẹ́, ìyá arúgbó kan tí kò lẹ́nìkan bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀, ìyẹn kò sì jẹ oúnjẹ mìíràn bíkòṣe èyí tí ilé ìwòsàn fúnra rẹ̀ ń bù fún un.

Mo lọ bá nọ́ọ̀sì àgbà. Mo yọ fìlà, mo fi ọ̀wọ̀ sọ ọ́. Mo ní àwọn mẹ́ta yìí kò jẹun nínú ìkòkò kan náà, póò kan náà ni wọ́n ń lò, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa wo ibẹ̀. Ó béèrè lọ́wọ́ mi pé ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì wo ni mo lọ. Àwọn tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Wọ́n tilẹ̀ fi ìgbẹ́ ìyá rẹ ránṣẹ́ sí ilé àyẹ̀wò kékeré kan, èsì dé pé wọn kò rí nǹkan kan. Ó gbé ìwé náà sókè fún mi láti òdìkejì wọ́ọ̀dù. Mo padà lọ jókòó bí ọmọ ilé ìwé tí wọ́n nà.

Ẹni tó gbà wá ni dókítà agùnbánirọ̀ kan. Ọmọ Ìbò ni, kò tíì dàgbà jù ọ́ lọ púpọ̀, Yorùbá rẹ̀ ń ṣe kọ́ńkọ́ńkọ́ bí ọkọ̀ tó ń gba inú kòtò kọjá. Láti ìlú mìíràn ni wọ́n ti ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e wá. Ó jókòó lórí bẹ́ńṣì tì mí, ó ní kí n sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo sọ ọ́. Ìgbà tí oògùn apakòkòrò bẹ̀rẹ̀ ló kọ́kọ́ béèrè. Lẹ́yìn náà ló béèrè ìgbà tí ojú ọgbẹ́ gbẹ. Ó dìde, ó lọ pe dókítà oníṣẹ́ abẹ lórí fóònù, ó sì padà wá yọ oògùn náà kúrò. Ó kó àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ sí yàrá kan lọ́tọ̀, ó ní kí kálukú ní póò tirẹ̀. Ó ní kí wọ́n gbé ọṣẹ wá, kí wọ́n sì fi bílíìsì nu gbogbo ibùsùn àti ilẹ̀. Bílíìsì kan náà tí a fi ń fọ sùtánà ni, Tóyìn, èyí tó wà ní gbogbo ìsọ̀. Nígbà tí wọ́n ní kò sí, ó rán ènìyàn lọ rà á. Ó wá fi ìgbẹ́ wọn ránṣẹ́ sí ilé àyẹ̀wò ńlá kan tó jìnnà.

Fúnmiláyọ̀ kò dúró de èsì. Ọ̀sán ni ó kú. Ìyá Ṣẹ́gun gbé ọmọ dání lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún, kò tíì mọ̀. Nígbà tí Ṣẹ́gun dé, dókítà kékeré yẹn kò sí níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì àgbà ló gbà á. Ó ní oúnjẹ ìdọ̀tí ló wọ ìyàwó rẹ̀ nínú, ó ní àwọn ti kìlọ̀ kìlọ̀. Etí mi méjèèjì ló gbọ́ ọ. Ṣẹ́gun kò sunkún. Ó yíjú, ó wo ìyá rẹ̀. N kò rí kí ọmọ wo ìyá rẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí, n kò sì gbàdúrà láti tún rí i.

Lẹ́yìn tí wọ́n ti sin ín ni èsì dé. Dókítà kékeré náà béèrè iṣẹ́ tí mo ń ṣe, mo ní epo ni. Ó ní epo ni ìyá àgbà òun náà ń ṣe, nítorí náà yóò yé mi. Ó ní kòkòrò àìfojúrí kan ni, inú ìfun ló ń gbé. Ó lè wà nínú ènìyàn kó má ṣe nǹkan kan, torí àwọn kòkòrò rere tí Ọlọ́run fi sínú wa kì í jẹ́ kó ráyè. Bí oògùn apakòkòrò bá pẹ́ jù lára, á pa àwọn tó ń ṣọ́lé, olè á wá gba ilé. Ilé ìwòsàn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń kó o. Bó bá jáde sínú ayé, á wọ inú èèpo líle, bí ọmọ inú ẹkùrọ́ ṣe ń gbé inú èésan. Sánítáísà kò lè fọ́ èésan yẹn. Ọṣẹ àti omi ló ń ṣí i kúrò lọ́wọ́, bílíìsì ló ń pa á lórí ibùsùn.

Mo béèrè ìdí tí àyẹ̀wò àkọ́kọ́ kò fi rí i. Ó ní kòkòrò náà ní ẹ̀yà púpọ̀, bí ọ̀pẹ. Èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀ máa ń pọn oró méjì. Àyẹ̀wò kékeré yẹn ń wá ọ̀kan nínú oró méjèèjì, ẹ̀yà tó wọ wọ́ọ̀dù wa kò sì ní ìyẹn, èkejì nìkan ló ní, èkejì yẹn sì tó láti pa ènìyàn. Ó yé mi lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó bá jẹ́ pé ọ̀pẹ ìbílẹ̀ tí èésan rẹ̀ nípọn nìkan ló mọ̀, tó bá fọ́ ẹkùrọ́ ọ̀pẹ àgíríìkì, á ní èyí kì í ṣe ẹkùrọ́, torí èésan rẹ̀ fẹ́lẹ́. Ọ̀pẹ ṣáà ni. Àìmọ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Kí a má mọ̀, kí a wá fi àìmọ̀ wa dá ẹlòmíràn lẹ́bi, ìyẹn ni mo ń bá jà. Nígbà tí ìwé bá sọ fún ọ pé “a kò rí nǹkan kan”, Tóyìn, má kà á sí “kò sí nǹkan kan”. Bí aláìsàn bá ṣì ń gbẹ lójú rẹ, aláìsàn ni kí o gbà gbọ́.

Mo bẹ dókítà náà ní ohun kan. Mo ní gbangba ni wọ́n ti fẹ̀sùn kàn mí, kó bá mi sọ ọ́ ní gbangba. Ó tẹ̀lé mi wọ wọ́ọ̀dù, ó dúró ní àárín, ó sọ ọ́ ní Yorùbá rẹ̀ tó ń ṣe kọ́ńkọ́ńkọ́ pé, “Kì í ṣe ọbẹ̀ Bàbá. Ibí yìí ni Màmá ti kó o.” Nọ́ọ̀sì àgbà ní ó dáa. Gbogbo ohun tó sọ nìyẹn. Ó ń bá ìwé tó ń kọ lọ.

Ẹni tó ni ilé ìwòsàn pè mí wọ ọ́fíìsì, ó fi ohun mímu tutù ṣe mí lálejò, ó ní ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn kì í jáde síta, kí n jẹ́ kí ó parí síbẹ̀. Mo ní òkú ti jáde, sà, kí ló tún kù tí a ń tì mọ́lé? N kò mu ohun mímu náà.

Oògùn tí wọ́n wá fún ìyá rẹ, ẹnu ló fi ń lò ó. Ìgbẹ́ náà dáwọ́ dúró, ó tún padà lẹ́ẹ̀kan lẹ́yìn tí a délé, dókítà kékeré náà tún bá wa wá oògùn lórí fóònù, àìsàn náà sì lọ. Ọbẹ̀ marúgbó ni ìyá rẹ kọ́kọ́ béèrè nígbà tí ẹnu rẹ̀ là. Abọ́ méjì ló jẹ.

Nítorí náà, gbọ́ ìmọ̀ràn mi. N kò ní tò ó bí òfin mẹ́wàá, ìwọ fúnra rẹ ni kí o tò ó.

Fọ ọwọ́ rẹ pẹ̀lú ọṣẹ àti omi láàárín aláìsàn kan àti òmíràn, bí wọ́n tilẹ̀ ń pariwo orúkọ rẹ. Ọ̀tún we òsì, òsì we ọ̀tún, òun lọwọ́ fi ń mọ́. Kò sí ẹni tó fi sánítáísà kún òwe yẹn. Bí ibi iṣẹ́ rẹ kò bá ní omi, sọ ọ́. Sọ ọ́ fún ọ̀gá rẹ, fún ọ̀gá ọ̀gá rẹ, títí wọn yóò fi máa sá fún ọ ní ọ̀nà. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́, àmọ́ bí nọ́ọ̀sì bá dákẹ́, ti aláìsàn ló ń bá a dákẹ́.

Oògùn apakòkòrò ńkọ́? Nígbà tí a wà ní ọ̀dọ́ ní Akótógbó níbí, kápúsù aláwọ̀ méjì la fi ń wo gbogbo àìsàn, ó di orí fífọ́, ó di inú rírun. A rò pé kò ní ibi kankan nínú. Ìwọ ti mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láràárọ̀ tí o bá fẹ́ fà á sí ènìyàn lára, bi dókítà pé kí la ṣì ń fà á fún. Bó bá jágbe mọ́ ọ, béèrè lọ́la. Àwọn àgbà ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá.

Bí o bá rí aláìsàn méjì tí inú wọn ṣí láàárín ọ̀sẹ̀ kan, yà wọ́n sọ́tọ̀ kí o tó máa wá ẹni tí o máa dá lẹ́bi. Bó bá sì jẹ́ pé ilé yín ló fi àìsàn náà ràn wọ́n, sọ fún àwọn ẹbí wọn. Á dùn wọ́n. Wọ́n lè bú ọ. Ṣùgbọ́n irọ́ tí a pa lójú òkú kì í bá òkú wọlẹ̀. Á tẹ̀lé àwọn alààyè délé, á sì bá wọn gbé. Mo ti rí i. Ohun tó jẹ́ kí n kọ lẹ́tà yìí gan-an nìyẹn.

Lóṣù tó kọjá, mo lọ sí Àyèká. Mo rò pé kí n sọ òtítọ́ fún wọn, kí ọkàn mi lè fúyẹ́. N kò bá Ìyá Ṣẹ́gun nílé. Wọ́n ní wọ́n ti dá a padà sí ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Igbótako, wọn kò sì jẹ́ kó fọwọ́ kan ọmọ mọ́. Mo jókòó pẹ̀lú Ṣẹ́gun àti bàbá Fúnmiláyọ̀, mo ṣàlàyé fún wọn bí dókítà ṣe ṣàlàyé fún mi, ẹkùrọ́ àti èésan, ohun gbogbo. Wọ́n gbọ́ mi jálẹ̀, wọn kò já lu ọ̀rọ̀ mi. Nígbà tí mo parí, bàbá Fúnmiláyọ̀ ní, “Ẹ ṣeun, Bàbá. Ṣùgbọ́n ẹlẹ́po ni yín. Nọ́ọ̀sì ló sọ tiwa fún wa.”

Mo kí wọn, mo dìde.

Mo gun ọ̀kadà lọ sí Igbótako. Mo bá ìyá náà lẹ́yìnkùlé, ó ń bẹ ẹ̀gẹ́. Ó ti rù, Tóyìn. Mo sọ fún un pé kì í ṣe ẹ̀kọ rẹ̀ ló pa ìyàwó ọmọ rẹ̀. Ọ̀bẹ kò dúró lọ́wọ́ rẹ̀. Ó bẹ ẹ̀gẹ́ kan tán, ó mú òmíràn, ó wá béèrè bóyá ó dá mi lójú. Mo ní dókítà ló sọ ọ́, èsì àyẹ̀wò ló sọ ọ́. Ó ní kí n bá òun sọ fún ọmọ òun. Mo ní mo ti sọ fún un. Ó gbé ojú sókè sí mi.

“Kí ló wí?”

Mo bá a bẹ ẹ̀gẹ́ díẹ̀, mo sì wálé.

Wọn kò gbọ́ tèmi, ọmọ mi, aṣọ epo ló wà lára mi. Dókítà kékeré náà ti parí ìsìnrú ìlú rẹ̀, ó ti lọ. Ìwọ ló kù. O ní ọ̀sẹ̀ méjì kí o tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Wá sílé. Mú aṣọ funfun tí wọ́n fún ọ dání. Màá pe takisí, èmi, ìwọ àti ìyá rẹ á kọ́kọ́ lọ sí Igbótako lọ mú ìyá yẹn, a ó sì jọ lọ sí Àyèká. Dúró níwájú Ṣẹ́gun àti bàbá ìyàwó rẹ̀ bí nọ́ọ̀sì, kí o sọ fún wọn ohun tó pa Fúnmiláyọ̀ àti ohun tí kò pa á. Nọ́ọ̀sì ló ba ti ìyá náà jẹ́. Nọ́ọ̀sì ni kó tún un ṣe.

Ṣé ìwọ kọ́ lo ṣe é? Mo mọ̀. Èmi náà kọ́ ni mo ṣe é. Kí o tó wọ aṣọ yẹn fún àwọn tí yóò máa san owó oṣù fún ọ, kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ fún ìyá yẹn.

Ìyá rẹ ní kí n sọ fún ọ pé òun á ti se ọbẹ̀ sílẹ̀. Èmi ń retí ọ.

Bàbá rẹ tó fẹ́ràn rẹ, tí inú ṣì ń bí.